Iyọ̀ Kọ́, Oòrùn Ni: Àtúnṣe sí Ohun tí À Ń Kọ́ Ọmọdé Nípa Àfín

"Àfín kì í jẹ iyọ̀." Ó ṣọ̀wọ́n kí ọmọ Ìjẹ̀bú wọ ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kó má tíì gbọ́ gbólóhùn yìí. Wọ́n ń sọ ọ́ ní Òkè-Àgbò àti Òjówò ní Ìjẹ̀bú-Igbó. Wọ́n ń sọ ọ́ ní Àgọ́-Ìwòyè, níbi tí yunifásítì wà. Bí ẹ bá sì sọ̀ kalẹ̀ lọ sí Abígi tàbí Ìwopin ní ìjọba ìbílẹ̀ Ògùn Waterside, ẹ ó gbọ́ ọ lẹ́nu àwọn apẹja. Àgbà ń sọ ọ́ bí ẹni ń ka òfin, ọmọdé sì ń gbé e wọ̀ láìbéèrè ìdí.

Gbólóhùn náà kì í ṣe òótọ́. Iyọ̀ kì í ba ara àfín jẹ́. Oòrùn ló ń bà á jẹ́. Bí ọ̀rọ̀ bá mọ síbẹ̀, ojú ìwé kan ì bá tó fún un. Àmọ́ àṣìṣe kejì fara pamọ́ sẹ́yìn àkọ́kọ́, òun sì ni ó kan àwọn tó ń ṣe ìwé aláwòrán fún ọmọdé. Àṣìṣe náà ni èrò pé bí a bá fẹ́ kọ́ ọmọdé nípa ẹni tí ara rẹ̀ yàtọ̀, ìfẹ́ àti àánú ni ká fi kọ́ ọ, ó parí. Kò parí o. Ìyá tó gbé ìkọ́kọrẹ́ kaná, tó rin ewùrà sínú omi ata, epo àti ẹja, tó wá yára bu díẹ̀ sọ́tọ̀ sínú àwo kékeré kan kó tó da iyọ̀ sí ìkòkò, ìfẹ́ ló ń ṣe é. Kò kórìíra ọmọ rẹ̀ àfín. Ohun tí kò ní ni ìmọ̀ nípa ohun tí ń pa ọmọ náà lára, kò sì sí bí ìfẹ́ ṣe lè rọ́pò rẹ̀.

Ibi tí òfin iyọ̀ ti ṣẹ̀ wá

Òfin yìí ní orírun, kì í ṣe ọ̀rọ̀ tí ẹnìkan ṣàdédé dá sílẹ̀. Nínú ẹ̀sìn àbáláyé, Ọbàtálá, tí à ń pè ní Òrìṣà Ńlá, ni amọ̀kòkò ènìyàn. Òun ló ń mọ ọmọ sínú ìyá rẹ̀. Àfín, arọ, abuké àti aràrá, ẹni òrìṣà ni wọ́n, èèwọ̀ sì ni kí wọ́n fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́. Oúnjẹ tí wọ́n fi ń bọ Ọbàtálá, àtẹ́ ni: ìgbín tí wọ́n fi òrí sè, láìsí iyọ̀, láìsí epo pupa. Ẹni tó bá sì jẹ́ ti òrìṣà, ohun tí òrìṣà ń jẹ lòun náà ń jẹ. Bí a bá fi èyí sí ojú ọ̀nà rẹ̀, ó yé ni. Òfin ìjọsìn ni, bí ààwẹ̀ ṣe jẹ́ òfin fún mùsùlùmí, tí ẹnikẹ́ni kò sì sọ pé oúnjẹ ọ̀sán ló ń dá àìsàn sílẹ̀ nínú oṣù Ràmàdáánì.

Èmi kò bá olùsìn Ọbàtálá jà. Ohun tí mò ń tọ́ka sí ni pé òfin náà ti kúrò ní ojúbọ, ó ti wọ ilé ìdáná àwọn tí kì í bọ òrìṣà rárá. Ilé tó ń lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì lọ́jọ́ Ìsinmi àti èyí tó ń lọ sí mọ́ṣáláṣí lọ́jọ́ Jímọ̀, méjèèjì ló ń fi iyọ̀ du ọmọ. Bí ẹ bá bi wọ́n léèrè ìdí, wọn kò ní dárúkọ Ọbàtálá. Wọ́n á ní, "Ṣé ẹ ò rí i pé ara rẹ̀ ń yọ nǹkan ni? Iyọ̀ ló fà á." Òfin ìjọsìn ti di oògùn, wọ́n sì ti bọ́ ìjọsìn kúrò lára rẹ̀. Níbẹ̀ ni àṣìṣe ti bẹ̀rẹ̀, nítorí oògùn ṣeé dán wò, a sì lè wò ó bóyá ó ń jẹ́ tàbí kò jẹ́.

Ìdí tó fi dà bí òótọ́

Àṣìṣe tó bá pẹ́ láyé, ó ní ohun tó gbé e ró. Ẹ jẹ́ ká wo ohun tó gbé èyí ró, torí ẹni tó bá kàn sọ fún àwọn ìyá pé wọn kò mọ nǹkan kan, òun gan-an ni kò mọ ohun tó ń sọ.

Àkọ́kọ́, ọmọ ọwọ́ tó jẹ́ àfín, ara rẹ̀ máa ń dán. Ìgbà tó bá tó ọmọ ọdún mẹ́rin tàbí márùn-ún ni àwọn àmì dúdú wínníwínní máa ń bẹ̀rẹ̀ sí í yọ lára rẹ̀. Ìgbà yẹn gan-an náà ló ń bá àwọn ẹ̀gbọ́n rẹ̀ jẹun nínú àwo kan. Ìyá rí oúnjẹ oníyọ̀, ó rí àmì, ó so méjèèjì pọ̀. Ohun tí kò kà sí ni pé ìgbà yẹn náà ni ọmọ bẹ̀rẹ̀ sí í jáde lọ ṣeré, tó ń tẹ̀lé wọn lọ sódò, tó ń tẹ̀lé wọn lọ sóko, tó sì ń dúró lórí ìlà ní pápá ilé ìwé.

Ìkejì, òógùn ní iyọ̀ nínú. Bí oòrùn bá ti jó awọ ara débi tó bó, tí òógùn sì ṣàn dé ojú ibẹ̀, á ta ọmọ náà débi tí yóò fi ké. Iyọ̀ ló ta á lóòótọ́, ṣùgbọ́n iyọ̀ kọ́ ló dá egbò sílẹ̀.

Ìkẹta, ọmọ tí òbí rẹ̀ ń ṣọ́ lọ́wọ́ iyọ̀, ọmọ tí wọ́n ń ṣọ́ gan-an ni. Wọn kì í sábà jẹ́ kó jáde lọ́sàn-án. Ara rẹ̀ á dán ju ti àfín mìíràn lọ, iyọ̀ tí kò jẹ ni wọ́n á sì gbóríyìn fún, wọ́n á gbàgbé òjìji tó ń jókòó sí.

Ọ̀nà kan wà tí a fi lè dán an wò, kò sì gba ilé ìwòsàn tàbí ẹ̀rọ. Ẹ wo ibi tí àmì àti egbò máa ń wà lára àfín: ojú, etí, ọrùn, ẹ̀yìn ọwọ́, apá, òkè ẹsẹ̀. Ẹ wá wo ibi tí aṣọ máa ń bò: ikùn, ìdí, itan. Níbẹ̀, ara máa ń dán bíi ti ọmọ tuntun. Iyọ̀ tí ènìyàn bá jẹ, inú ẹ̀jẹ̀ ló ń gbà, ẹ̀jẹ̀ sì ń dé gbogbo ara láìyọ ibì kan sílẹ̀. Bó bá jẹ́ iyọ̀ ló ń ba awọ ara jẹ́, kí ló dé tó fi ń dúró sí ibi tí ọwọ́ ẹ̀wù parí sí?

Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ lára

Nínú awọ ara, irun àti ojú gbogbo ènìyàn, èròjà kan wà tí a mọ̀ sí melanin. Òun ló ń fún wa ní àwọ̀ dúdú, òun ló sì ń gba oòrùn dúró kó má jó ohun tó wà lábẹ́ awọ. Ara àfín kì í ṣe èròjà yìí tó. Oríṣi jíìnì tó lè fa èyí ju ẹyọ kan lọ. Èyí tó wọ́pọ̀ jù ní ilẹ̀ Áfíríkà ni wọ́n ń pè ní OCA2. Ọ̀pọ̀ àfín tó ní irú rẹ̀ máa ń ní irun tó pọ́n bíi koríko gbígbẹ, ojú wọn sì lè jẹ́ àwọ̀ ilẹ̀ tàbí àwọ̀ eérú. Ojú pupa bí ẹ̀jẹ̀ tí àwọn ayàwòrán fẹ́ràn láti kùn fún wọn kì í ṣe ojú tí ẹ óò bá pàdé ní Ìjẹ̀bú.

Ìjẹ̀bú-Igbó kò tó ìwọ̀n ìlà méje sí àríwá ìlà tó pín ayé sí méjì. Lágbègbè bẹ́ẹ̀, ìtànṣán oòrùn tí ojú kì í rí a máa dé ìwọ̀n tí àwọn onímọ̀ ń pè ní àpọ̀jù, ìyẹn 11 sókè, láàárín agogo mẹ́wàá àárọ̀ sí agogo mẹ́rin ìrọ̀lẹ́. Kùrukùru fẹ́ẹ́rẹ́ kì í dá a dúró. Púpọ̀ nínú ìtànṣán náà ń gba inú kùrukùru kọjá. Ìdí nìyí tí àfín fi lè jóná lọ́jọ́ tí kò sí oòrùn lójú. Ọ̀rọ̀ tún wá le fún àwọn tó ń gbé ní etí ọ̀sà ní Ògùn Waterside. Àjọ Ìlera Àgbáyé sọ pé iyanrìn gbígbẹ etí òkun ń dá nǹkan bí 15 nínú ọgọ́rùn-ún ìtànṣán náà padà, ìfófòó omi òkun sì ń dá nǹkan bí 25 padà. Ọmọ tó bá dúró lẹ́bàá omi pẹ̀lú baba rẹ̀ tó ń tún àwọ̀n ṣe, oòrùn ń bọ̀ wá bá a láti òkè, ó tún ń bọ̀ láti ìsàlẹ̀. Fìlà nìkan kò tó o.

Ohun tí ń bá àwọn tí a kò dáàbò bò kì í ṣe kékeré. Ní 1975, A. N. Okoro tẹ ìwádìí jáde nípa àwọn àfín ní ìlà-oòrùn Nàìjíríà. Nínú àwọn tó yẹ̀ wò, kò rí ẹnìkan tó ti kọjá ogún ọdún tí awọ ara rẹ̀ bọ́ lọ́wọ́ jẹjẹrẹ tàbí ohun tó ń di jẹjẹrẹ. Àwọn ènìyàn wa ní òwe kan pé igi gogoro má gùn mí lójú, òkèèrè la ti ń wò ó. Òkèèrè ibí yìí ni ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Ẹ má gbàgbé àròsọ kejì tó ń bá ti iyọ̀ rìn, pé àfín kì í kú, ń ṣe ni wọ́n ń pòórá. Ẹni tó kọ́kọ́ sọ bẹ́ẹ̀, ó ṣeé ṣe kó ti ṣàkíyèsí pé arúgbó àfín ṣọ̀wọ́n ládùúgbò rẹ̀. Ohun tó ṣàkíyèsí lè jóòótọ́. Jẹjẹrẹ awọ ara ló ń mú wọn lọ lọ́jọ́ orí kékeré.

Àtẹ́ náà ní ewu tirẹ̀. Láti 1993 ni ìjọba Nàìjíríà ti pa á láṣẹ pé kí wọ́n máa fi iodine sí iyọ̀ tí à ń tà lọ́jà, torí àìtó rẹ̀ ń fa gẹ̀gẹ̀, ó sì ń ṣe àkóbá fún ọpọlọ ọmọ tó ń dàgbà. Ọmọ tí wọ́n bá gba iyọ̀ lẹ́nu rẹ̀ láti kékeré, wọ́n gba iodine lẹ́nu rẹ̀ pẹ̀lú. Kì í ṣe pé kí àfín máa pọn iyọ̀ lá o. Ohun tí Àjọ Ìlera Àgbáyé sọ fún gbogbo àgbàlagbà, pé kó má tó gíráàmù 5 lóòjọ́, kan òun náà, bó ṣe kan ìyá rẹ̀ àti bàbá rẹ̀. Òfin iyọ̀ tirẹ̀ kò yàtọ̀ sí ti ẹnikẹ́ni.

Ẹ̀sùn tí wọ́n ń fi kan ìyá

Níbi tí iyọ̀ bá dé, ẹ̀sùn kì í jìnnà. Wọ́n á ní ìyá rẹ̀ rìn nínú oòrùn ọ̀sán gangan nígbà tó wà nínú oyún. Àwọn mìíràn á ní ó lọ bá òyìnbó. Ọmọ tó jẹ́ àfín ń gbọ́ èyí, àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ náà ń gbọ́ ọ, wọ́n sì ń gbé e lọ sí ilé ìwé.

Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ ṣeé ṣàlàyé fún ọmọ ọdún méje ní ilẹ̀ tí wọ́n ti ń gbin obì. Gbànja tí wọ́n ń kó láti oko Ìjẹ̀bú-Igbó àti Àgọ́-Ìwòyè, awẹ́ méjì ló ní. Funfun wà, pupa náà sì wà. Ẹ jẹ́ ká ní bàbá ní awẹ́ pupa kan àti funfun kan, ìyá náà sì ní bẹ́ẹ̀. Àwọn méjèèjì dúdú, torí awẹ́ pupa kan ti tó láti mú ara dúdú. Bí wọ́n bá fẹ́ bímọ, kálukú á fún ọmọ ní awẹ́ kan. Bí ọmọ bá gba pupa lọ́wọ́ ẹnì kan, ó dúdú. Àfi tó bá gba funfun lọ́wọ́ bàbá, tó tún gba funfun lọ́wọ́ ìyá, ló tó jẹ́ àfín. Nínú ọ̀nà mẹ́rin tí awẹ́ lè gbà bọ́ sí i lọ́wọ́, ọ̀kan péré ni èyí. Oyún kọ̀ọ̀kan sì ń bẹ̀rẹ̀ tirẹ̀ lọ́tun; àfín tí wọ́n ti bí kò sọ pé ẹ̀kejì kò ní í wáyé, kò sì sọ pé yóò wáyé.

Ẹ kíyè sí ohun tí àlàyé yìí ṣe. Ó ní kí bàbá náà ka ara rẹ̀ mọ́ ọn. Kò sí ìyá tó lè dá bí àfín lọ́nà yìí, ìdajì rẹ̀ ń ti ọ̀dọ̀ bàbá wá. Ìwé ọmọdé tó bá ya àwòrán òbí méjì tó dúdú, tí àfín kan àti àwọn ọmọ dúdú méjì jọ dúró níwájú wọn, ti dáhùn ẹ̀sùn tí ìyá kò rí ẹni bá a dá lóhùn.

"Kò wọ́pọ̀" kì í ṣe "kò sí"

Àwọn olùkọ́ kan á ní: kí la fẹ́ fi ìwé odindi ṣe nípa ohun tí kò wọ́pọ̀? Ibà àti ìgbẹ́ gbuuru ṣì wà nílẹ̀. Ìbéèrè yìí yẹ ní ìdáhùn.

Nílẹ̀ Yúróòpù, ohun tí wọ́n ń pè ní àìsàn tó ṣọ̀wọ́n ni èyí tí kò mú ju ènìyàn 5 lọ nínú 10,000. Ní Amẹ́ríkà, òfin tí wọ́n ṣe ní 1983 ní kí ó má tó ènìyàn 200,000 ní gbogbo orílẹ̀-èdè náà. Ìṣọ̀wọ́n ń yí padà láti ibì kan dé ibòmíràn. Àìsàn fòníkú-fọ̀ladìde, tí ó wọ́pọ̀ láàárín wa débi pé ọ̀pọ̀ ẹni tó fẹ́ ṣe ìgbéyàwó ló ń béèrè ẹ̀jẹ̀ AA tàbí AS, wà lára àwọn tó ṣọ̀wọ́n ní Amẹ́ríkà. Àfín ní tirẹ̀ kì í ṣe àìsàn tí ń ranni, bí a ṣe dá ara ni. Ẹni kan nínú 5,000 sí 15,000 ni wọ́n sábà máa ń sọ pé ó jẹ́ àfín nílẹ̀ Áfíríkà, nígbà tó jẹ́ ẹni kan nínú nǹkan bí 17,000 sí 20,000 ní Yúróòpù àti Amẹ́ríkà. Wọ́n pọ̀ lọ́dọ̀ wa ju ọ̀dọ̀ àwọn tó ń ṣe ìwé nípa wọn. Kò sì jẹ́ tuntun sí àwọn onímọ̀. Ní 1952 ni N. A. Barnicot ti tẹ ìwádìí jáde nípa àfín ní ìwọ̀-oòrùn gúúsù Nàìjíríà. Ìmọ̀ ti wà láti ìgbà náà. Ọ̀nà tí yóò fi dé ọ̀dọ̀ ọmọdé ni kò là.

Ìdáhùn kejì ni pé ìwé náà kì í ṣe ti àfín nìkan. Ọmọ ogójì ló wà nínú kíláàsì. Bí àfín kan bá wà níbẹ̀, àwọn mọ́kàndínlógójì yòókù ni yóò pinnu bóyá yóò bá wọn jókòó tàbí yóò sá kúrò nílé ìwé.

Ohun tó yẹ kó wà nínú àwòrán

Àwọn ará òkè òkun ti ń fi ìwé kọ́ ọmọdé nípa irú nǹkan báyìí. Ní 2012, òǹkọ̀wé ará Amẹ́ríkà, R. J. Palacio, kọ Wonder, ìtàn ọmọkùnrin kan tí wọ́n bí pẹ̀lú ojú tó yàtọ̀ nítorí ohun tí a mọ̀ sí Treacher Collins. Ní 2017 ó gbé ìwé aláwòrán We're All Wonders jáde fún àwọn ọmọ kéékèèké. Ìwé gidi ni. Ohun tó kọ́ ọmọdé ni kí ó má máa wo ẹnikejì rẹ̀ bí ẹni ń wo ìran. Ibẹ̀ ló ti yẹ ká kíyè sára. Bí a bá gbé irú ìwé bẹ́ẹ̀ wá sí Ìjẹ̀bú, tí a kàn yí ojú ọmọ inú rẹ̀ padà sí ti àfín, a ó ti kọ́ àwọn ọmọ wa ní inú rere, inú rere náà á sì máa fi iyọ̀ du àfín síbẹ̀. Ẹ̀kọ́ tó mọ sórí "ẹ fẹ́ràn ara yín" kò kan ohun tí ń pa àfín lágbègbè wa. Oòrùn gbọ́dọ̀ wà nínú àwòrán, kí ó sì jẹ́ òun ni ọ̀daràn.

Bí mo bá jókòó ti ayàwòrán kan lónìí, ohun tí n óò ní kó yà nìyí. Kí ó ya pápá ilé ìwé ní àárọ̀, àwọn ọmọ lórí ìlà, kí àfín náà wà lórí ìlà tirẹ̀ pẹ̀lú ẹ̀wù ọlọ́wọ́ gígùn àti fìlà tí etí rẹ̀ fẹ̀ yí ká, kí ìlà náà sì wà lábẹ́ òjìji. Kí ojú ìwé kejì jẹ́ pápá kan náà ní agogo méjìlá, àwọn yòókù ń gé koríko. Kí àfín wà lábẹ́ òrùlé, ó ń ka iye ìdì koríko tí wọ́n kó wọlé, ó ń kọ ọ́ sínú ìwé. Kò gbọdọ̀ dà bí ẹni tí wọ́n yọ̀ǹda fún kó máa ṣe ọ̀lẹ. Iṣẹ́ ló ń ṣe, iṣẹ́ rẹ̀ kàn kò sí nínú oòrùn ni. Kí wọ́n jọ jẹun níkẹyìn, àwo kan náà, ọbẹ̀ kan náà, kí ìyá na ṣíbí sí i láìdá tirẹ̀ yà. Ọ̀rọ̀ ìsàlẹ̀ àwòrán yẹn kò ju márùn-ún lọ: gbogbo wa jọ jẹ ẹ́.

Ọ̀rọ̀ ojú gba ojú ìwé tirẹ̀. Àwọn àfín kì í ríran jìnnà dáadáa, ìmọ́lẹ̀ tó pọ̀ jù ń pọ́n wọn lójú, ẹyinjú wọn sì máa ń rìn síhìn-ín sọ́hùn-ún fúnra rẹ̀. Olùkọ́ tí kò mọ̀ á rò pé ọmọ náà kò fọkàn sí ẹ̀kọ́, tàbí pé ó ń yí ojú sí òun. Nígbà tí ọmọ bá gbé ìwé súnmọ́ imú, wọ́n á pariwo mọ́ ọn pé, "Gbé ojú kúrò lára ìwé, ṣé o fẹ́ fọ́jú ni?" Kíkà tó ń kà á nítòsí kì í fọ́ ojú. Ọ̀nà tí ojú rẹ̀ fi lè ríran ni. Awò ojú lè ràn án lọ́wọ́, àmọ́ kò ní sọ ojú náà di ti ẹlòmíràn. Kí ayàwòrán gbé e sí ìjókòó iwájú, kí ó kẹ́yìn sí fèrèsé, kí ìwé wà nítòsí ojú rẹ̀, kí olùkọ́ sì máa rẹ́rìn-ín.

Kí ìwé náà fúnra rẹ̀ tẹ̀lé ohun tó ń kọ́ni. Ọ̀pọ̀ ìwé ọmọdé wa ni wọ́n ń tẹ̀ sórí bébà dídán tó ń kọ mànà bí ìmọ́lẹ̀ bá bà á. Ẹni àkọ́kọ́ tí ìwé bẹ́ẹ̀ yóò ṣòro fún láti kà ni àfín. Bébà tí kì í dán, lẹ́tà tó tóbi, dúdú lórí funfun, àmì ohùn tó hàn ketekete, ìyẹn náà wà lára ẹ̀kọ́. Ìwé tó ń sọ̀rọ̀ àfín tí àfín kò lè kà, kí la fẹ́ pè é?

Àtakò méjì

Àwọn kan á ní, bí a bá ń fi àwòrán egbò àti jẹjẹrẹ han ọmọ ọdún mẹ́fà, a ó dẹ́rù bà á. Mo fara mọ́ ọn. Kò sídìí láti ya egbò. Ọmọdé kò nílò kó rí jẹjẹrẹ kó tó mọ fìlà, bí kò ṣe nílò kó rí òkú kó tó mọ̀ pé kí òun wo ọ̀tún wo òsì kí òun tó sọdá títì. Ẹ̀kọ́ nípa ewu, ohun tí à ń ṣe ni ká fi síwájú, kì í ṣe ohun tó ń bá ni bí a kò bá ṣe é.

Àwọn kejì á ní à ń fi ojú di òrìṣà, à ń pa àṣà run. Èyí ni mo rò pé ó gba sùúrù jù, torí ohun rere kan wà nínú àṣà náà tí a kò gbọdọ̀ dà nù. Òun ló ní kí wọ́n má fi àfín ṣe yẹ̀yẹ́. Ní àwọn ibòmíràn nílẹ̀ Áfíríkà, pàápàá ní Tàǹsáníà àti Màláwì, wọ́n ń pa àfín nítorí oògùn, ọ̀rọ̀ náà sì burú débi pé Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé ya ọjọ́ 13 oṣù kẹfà sọ́tọ̀ fún wọn lọ́dọọdún. Ní 2015, ọmọ Nàìjíríà kan tóun náà jẹ́ àfín, Ikponwosa Ero, di ẹni àkọ́kọ́ tí wọ́n fi ṣe aṣojú àjọ náà lórí ẹ̀tọ́ àwọn àfín. Ìtẹríba fún ẹni òrìṣà jẹ́ ohun ìní tó yẹ ká fi lé ọmọ lọ́wọ́. Kí olùkọ́ sọ ọ́ ní gbangba pé àwọn baba ńlá wa kà wọ́n sí, kí ó sì sọ pé bí a ṣe ń kà wọ́n sí lónìí ni kí a gbà wọ́n lọ́wọ́ oòrùn. Méjèèjì kò bára wọn jà.

Tíṣà ní Ìbíádé tàbí Mákùn-Omi ní Ògùn Waterside kò nílò láti dúró de ìgbà tí ilé ìtẹ̀wé kan ní Ìbàdàn yóò gbé ìwé jáde. Páálí mẹ́rin àti ọ̀dà kíréyọ́ọ̀nù tó fún òbí méjì, pápá, kíláàsì àti àwo oúnjẹ. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tó ń kọ́ iṣẹ́ olùkọ́ ní Yunifásítì Ọlábísí Ọnàbánjọ ní Àgọ́-Ìwòyè lè gbé irú rẹ̀ lọ́wọ́ nígbà tí wọ́n bá ń lọ dánṣẹ́ wò, kí wọ́n sì rí ohun tí àwọn ọmọ béèrè, torí inú ìbéèrè ọmọdé ni wọ́n á ti mọ ibi tí àwòrán kò ti hàn tó. Ohun tí a ó sì fi díwọ̀n irú ìwé bẹ́ẹ̀ kì í ṣe iye ọmọ tó sọ pé òun fẹ́ràn àfín. Ibi tí àfín ń jókòó, aṣọ tó ń wọ̀, àkókò tó ń jáde àti ohun tó wà nínú àwo rẹ̀ ni ká wò. Ìwé tí kò bá yí ìkankan nínú mẹ́rẹ̀ẹ̀rin padà, bó ti wù kí àwòrán rẹ̀ dùn ún wò tó, kò tíì ṣe àtúnṣe kankan.